Èérún Tí Huguette Rí Nínú Àpótí Kẹsàn-án

Bí ẹ bá bi Huguette Vuaillat léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò kọ́kọ́ tún awò ojú rẹ̀ ṣe, yóò wá ní, "Mò ń wá nǹkan ni." Bí ẹ bá tún bi í pé ṣé ó ti rí i, yóò ní, "Rárá o, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kò sí." Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gba owó oṣù lórí ibi tí nǹkan kò sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ iṣẹ́ náà í ṣe.

Abúlé Crozet, nísàlẹ̀ òkè Jura, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ọkọ rẹ̀, Anselme, ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sin màlúù, ó sì ń ṣe wàràkàṣì, kí orúnkún tó ní kó lọ jókòó. Ní báyìí, bí ìgbà òjò ìwọ́wé bá dé, Anselme á gbé agbọ̀n, á wọ igbó lọ wá olú. Bó bá dé, á da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Huguette mi, wò ó. Èmi náà lọ wá nǹkan. Wákàtí méjì péré."

"Ṣé olú àti èérún jọra ni?"

"Wọn ò jọra. Olú ṣe é jẹ."

Ká ní Huguette jẹ́ ẹni tó máa ń bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéyàwó wọn ì bá ti tú ká tipẹ́.

Èérún tó ń wá kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè rí. Lábẹ́ àwọn oko tó wà láàárín abúlé wọn àti Geneva, ihò kan yí po nínú ilẹ̀ bí òrùka. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń lé àwọn èérún tó kéré ju kíkéré lọ ní eré àsápajúdé, títí wọn ó fi forí gbárí. Oríṣiríṣi nǹkan á tú jáde níbi ìforígbárí yẹn, ojú ẹ̀rọ á sì ya ipa ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń bí wọn ni wọ́n ń kú. Ṣùgbọ́n Huguette gbà pé ó yẹ kí ọ̀kan wà tó ń lọ́ra kú, tí yóò rin ìwọ̀n apá kan tàbí méjì láìfi ipa sílẹ̀, kó tó là sí méjì lójijì. Lójú ẹ̀rọ, ńṣe ni yóò dà bí ìlà méjì tó hù nínú afẹ́fẹ́, bí igi tí kò ní gbòǹgbò. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa rẹ̀. Wọ́n mọ ìwà rẹ̀, wọ́n mọ ìbátan rẹ̀. Kìkì pé ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn án ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, Huguette ló máa ń ka Ìwé Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì yé Ruggero Tassinari bí orí kan ṣe lè gba nǹkan méjèèjì. Ruggero yìí, ará Ferrara, ni olórí iṣẹ́ wọn. Kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí òkú tàbí ìyàwó bá wà níbẹ̀.

"Ìyá Ìjọ," ni yóò ní, "ẹ sọ pé Ọlọ́run wà, ẹ ò rí i. Ẹ sọ pé èérún yìí wà, ẹ ò rí i. Ṣé ẹ ò lè gba ohun tó hàn gbangba gbọ́ rárá ni?"

"Mo gbà pé ìwọ wà, Ruggero. Ìyẹn náà sì máa ń nira fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí Ruggero kò mọ̀ ni pé àwàdà náà máa ń bá Huguette délé, á bá a jẹun, á sì bá a kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku oṣù mẹ́ta kí Huguette fẹ̀yìn tì. Wọ́n sì ti ń pète ẹ̀rọ tuntun nígbà náà. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò mìíràn tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po tó àádọ́rùn-ún kìlómítà, tí yóò gba abẹ́ adágún kọjá, tí yóò gba abẹ́ oko àwọn tó ti ń kọ lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́. Kí wọ́n tó tàn án, Huguette á ti sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, bí kò bá tíì sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"O ń se àsè tí o ò ní jẹ," ni Anselme wí.

"Ta ló gbin igi asálà tí ò ń jẹ èso rẹ̀ lẹ́yìnkùlé?"

"Bàbá bàbá mi ni. Ihò tó gbẹ́ fún un kò sì tó àádọ́rùn-ún kìlómítà."

Ìwé ètò kan wà tí wọ́n ń kọ nípa ẹ̀rọ tuntun náà, Huguette sì fẹ́ kí ojú ìwé mẹ́rin tirẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ: ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn síbi ìforígbárí, kí ẹ fi ojú tó mú síbẹ̀, nítorí èérún tó ń lọ́ra kú. Bí ojú ìwé mẹ́rin yẹn bá wọlé, wọn ó fi àyè náà sílẹ̀. Bí kò bá wọlé, wọn ó kọ́ ẹ̀rọ láìsí i, kò sì sí ẹni tó ń wó ilé alájà mẹ́wàá nítorí fèrèsé kan. Èérún náà á máa kọjá níwájú wọn fún ogójì ọdún, ẹnì kankan ò ní mọ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń du àyè nínú ìwé yìí, Ruggero sì ti fún wọn ní ìdánwò láti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìforígbárí ẹ̀rọ tuntun náà, ó pín in sí àpótí méjìlá, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjèèjìlá. "Mo lè ti fi èérún àgbélẹ̀rọ pa mọ́ sínú èyíkéyìí," ó wí, "mo sì lè má fi. Ìdáhùn wà nínú àpòòwé yìí. Ẹgbẹ́ tó bá kígbe pé òun rí ohun tí kò sí, ojú ìwé rẹ̀ ti jáde nìyẹn."

Bí iṣẹ́ wọn ti rí rèé: ibi tí nǹkan náà ti lè wà gan-an, ibẹ̀ ni wọn kì í wò. Wọ́n máa ń ta aṣọ bò ó ni. Wọ́n á kọ́kọ́ to gbogbo òfin ìwákiri wọn, wọn á buwọ́ lù ú, kí ẹnikẹ́ni má baà rọra ti òfin náà síbi tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Lọ́jọ́ tí aṣọ bá ṣí, ohun tí wọ́n bá bá ni wọ́n bá. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni Huguette fi ṣiṣẹ́ lórí àpótí tí kò gbọ́dọ̀ wo inú rẹ̀.

"Wọ́n ń sanwó fún ẹ pé kí o wá nǹkan," Anselme wí, "wọ́n tún wá di ẹ́ lójú?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kìíní ni wọ́n ṣí aṣọ. Kéèkì Àwọn Ọba Mẹ́ta wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀wà amọ̀ kan pa mọ́ sínú rẹ̀, kí ẹni tó bá bá a lè dé adé; ẹnì kan tilẹ̀ ti bá a, adé bébà sì wà lórí onítọ̀hún. Huguette ń ṣí àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní, òfo. Èkejì, òfo. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀kẹjọ, àwọn ènìyàn ti ń wo fèrèsé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín tó wà lójú ọ̀nà.

Ó ṣí ẹ̀kẹsàn-án. Mẹ́fà! Ìlà méjì-méjì, tó hù nínú afẹ́fẹ́, kò ní gbòǹgbò. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n wọ̀n: irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún.

Yàrá náà hó yèè. Ẹni tó dé adé fò sókè, adé já bọ́. Wọ́n ń gbá Huguette mọ́ra, wọ́n ń lu tábìlì. Ruggero nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó ń jẹ kéèkì. Huguette tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ẹ má wò mí, Ìyá Ìjọ. Ojú mi kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ buwọ́ lù ú, ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

Orin ìyìn ni Huguette kọ délé nínú ọkọ̀. Kò mọ̀ pé òun ṣì lè kọrin tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó bọ́ bàtà, ó ti sọ fún Ọlọ́run pé ó ṣeun, ó sì ti bẹ̀ Ẹ́ pé kó má bínú sí gbogbo ọjọ́ tí òun rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Anselme ti gbé ọ̀dùnkún oníwàrà àti sọ́séèjì sórí tábìlì.

"Anselme, mo rí i!"

"Kí lo rí? Ibi tí gáàsì ilé ìdáná wa ti ń jò?"

"Èérún mi! Mẹ́fà!"

Anselme dìde. Ó lọ mú ìgò wáìnì pupa rúsúrúsú tó ti fi pa mọ́ láti ọjọ́ ìbatisí ọmọ wọn, ó sì ń nu eruku rẹ̀ kúrò. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé eruku ló wọ̀ ọ́.

"Ó dáa o. Ó dáa gan-an. Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún."

Anselme dá ọwọ́ dúró. "Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún kí ni?"

"Ìwọ̀n tiwa ni, kò lè yé ẹ."

"Kò ní láti yé mi. Nọ́ńbà etí Pervenche nìyẹn."

"Pervenche wo?"

"Pervenche mélòó la ní? Màlúù tó tẹ bàbá ẹ lẹ́sẹ̀ fọ́! Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kàn án mọ́ ọn létí." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Huguette! Gbogbo àgbáyé ń wá èérún, àṣé màlúù wa ni!"

Huguette kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí Ruggero ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní àpótí, kí wọ́n tó ta aṣọ bò ó, Huguette ti fẹ́ mọ̀ bóyá ètò ìwákiri òun ríran. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é ni pé kí èèyàn ju èérún irọ́ tirẹ̀ sínú àpótí kan, kó wò ó bóyá ètò náà á mú un, lẹ́yìn náà kó fi àpótí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bèèrè ìwọ̀n tí èérún náà gbọ́dọ̀ ní. Huguette tẹ nọ́ńbà tó kọ́kọ́ wá sí i lórí. Ìgbà náà gan-an ni aago lù, ó rántí pé àwọn akọrin ń dúró de òun fún ìgbáradì Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ó sì gbé ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde. Ṣé ó fi àpótí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Ó dá a lójú pé ó ṣe é. Àbí kò ṣe é?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ gan-an ló bá lára èérún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí orúkọ tí ìyá ń rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù ọmọ. Ó yọ wọ́n kúrò. Àpótí kẹsàn-án wá mọ́ bí àwo tí ajá lá. Mẹ́ta yòókù, òfo náà ni.

Bí ó bá kọ̀wé pé òun rí nǹkan, irọ́ ni, ojú ìwé rẹ̀ á sì jáde. Ìyẹn kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ òótọ́ ńkọ́? Ta ni yóò fọkàn tán ojú ìwé mẹ́rin tí obìnrin kan kọ, tó wá nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ fi pa mọ́ fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sì pariwo nígbà tó rí i? Ọ̀nà kẹta wà, ọ̀nà tó rọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Àṣìṣe kọ̀ǹpútà ló fa mẹ́fà tí a rí ní àpótí kẹsàn-án, lẹ́yìn àtúnṣe, òfo ni." Ó kà á. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀ tí èèyàn lè nawọ́ sí. Kọ̀ǹpútà kò sì lè sọ pé òun kọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọmọdé rẹ̀, bí ó bá ti jókòó díẹ̀, ìbàlẹ̀ ọkàn kan máa ń wá, á jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n jọ mọra tipẹ́. Ohun tó fi ń dá ara rẹ̀ lójú nìyẹn lọ́jọ́ tí àwàdà Ruggero bá bá a délé. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó wá. Ó tilẹ̀ yára wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dípò kí inú Huguette dùn, ńṣe ni ó wò ó tìfura-tìfura.

Ta ló fi ọ́ síbí? ló bi í nínú ọkàn. Ṣé ìyá mi ni, tó kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin? Àbí èmi fúnra mi ni mo fi ọ́ pa mọ́, tí mo gbàgbé, tí mo sì ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọ?

Ìbàlẹ̀ ọkàn náà kò dáhùn. Kò sì lọ. Obìnrin arúgbó tó ń pààrọ̀ omi òdòdó lẹ́bàá pẹpẹ ló gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

"Huguette, ṣé orúnkún ni?"

"Orúnkún ni, Màmá."

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó sì fi ìlà pa gbólóhùn kọ̀ǹpútà rẹ́. Kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé bí òun bá ń purọ́ lórí àpótí kẹsàn-án, òun ò ní ẹnu tí òun fẹ́ fi bèèrè òótọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe lórí ilẹ̀, ìbáà ṣe lókè.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì lù, ó dìde níwájú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kà á: "Èmi ni mo fi èérún mẹ́fà sínú àpótí kẹsàn-án. Mo gbàgbé láti yọ wọ́n. Lẹ́yìn tí aṣọ ṣí ni mo tó mọ̀, mo sì ti yọ wọ́n. Àpótí méjèèjìlá, òfo ni."

Ẹnì kan bèèrè bó ṣe mọ̀. Kò sí ọ̀nà míì, ó ní láti sọ ọ̀rọ̀ etí màlúù. Ẹ̀rín mú àwọn kan tí wọ́n fi gbá orí mọ́ tábìlì.

"Ìyá Ìjọ," Ruggero ń nu ojú, "ẹni tó fi ẹ̀wà sínú kéèkì ò lè dé adé o."

"Mi ò bèèrè adé. Ojú ìwé mẹ́rin ni mò ń bèèrè. Ṣí àpòòwé ẹ, ká mọ bó ṣe ń lọ."

Ruggero ya àpòòwé. Nọ́ńbà méjìlá ló wà lórí ìwé náà, òfo sì ni wọ́n kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan ti kọ òfo bíi ti Huguette. Ẹgbẹ́ kejì ti kọ̀wé pé àwọn rí nǹkan ní àpótí karùn-ún. Olórí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo okùn bàtà rẹ̀.

"O ò fi nǹkan kan pa mọ́ rárá?" Huguette bèèrè.

"Ọ̀lẹ ni mí."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún àti ọ̀kan wá ibi tí nǹkan kò sí kì í gba òfo bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. "Irú ìdánwò wo nìyẹn, Ruggero? Ẹni tó wọ yàrá òfìfo, tó ní òun ò rí nǹkan kan, báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe afọ́jú?"

"Ẹ gbọ́ o! Mo ń fún un lójú ìwé, ó ń bá mi jà!" Ruggero na ọwọ́ sí àwọn yòókù. "Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti oṣù tó kọjá. Mi ò mọ bí màá ṣe dáhùn rẹ̀, àfi ìgbà tí ẹ mú màlúù wọlé. Ẹ fi í pa mọ́, ẹ gbàgbé, ẹ dijú fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sì rí i: iye ẹ̀ pé, ìwọ̀n ẹ̀ pé. Kò sí ẹgbẹ́ míì níbí tó fi hàn pé òun ríran."

"Má sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi di iṣẹ́ ìyanu."

"Èmi? Èmi kèfèrí?"

Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìwé mẹ́rin náà ṣe wọ inú ìwé ètò. Ó tilẹ̀ di márùn-ún, nítorí Huguette kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí òun kọ àṣìṣe òun síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ̀rọ̀ àwọn akọrin kúrò. Ó yọ ọ́. Nọ́ńbà náà dúró.

Nígbà tí wọ́n ń jáde lọ síbi ọkọ̀, ó fa Ruggero lápá. Kò ṣàwàdà.

"Bí èèyàn bá rí nǹkan, tí kò sì rántí mọ́ bóyá òun ló fi í síbẹ̀, kí ló máa ṣe?"

Ruggero wò ó, ó sì dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpótí. Kò pè é ní Ìyá Ìjọ. "Ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, Huguette. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún wò."

"Bó bá wá ku òfo ńkọ́?"

"Ẹ óò kọ òfo sílẹ̀, ẹ óò sì padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí la tún ń ṣe níbí?"

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tó ka Ìwé Mímọ́ tán, ó padà sí àyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anselme, ó kúnlẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn náà ti wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú aṣọ lára ọmọ tó ti sùn. Ó yọ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó yọ ohùn dùùrù. Ó yọ òórùn àbẹ́là, ó yọ ìdùnnú ojú ìwé márùn-ún, ó yọ ìbẹ̀rù ibojì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pọ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Anselme fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ṣé o ti sùn ni? Gbogbo èèyàn ti dìde."

"Mi ò sùn."

"Kí lo wá ń ṣe?"

"Dákẹ́, jọ̀ọ́. Mi ò tíì yọ ọ́ tán."

Anselme la ẹnu láti fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ó di ibi ìfarati mú, ó rọra padà jókòó tì í.